Wáyà Ilẹ̀ Tí Dúrósinmí Gé

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn Ọjà Igbó kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn yóò gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń súfèé nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Dúrósinmí ni. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Àpótí sípíkà tó ti ń kàn láti ìgbà òjò ti parí. Ó ti fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, ó ti kùn ún ní dúdú, àpótí náà sì dúró níwájú rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kóòtù.

Iṣẹ́ káfíńtà ni Dúrósinmí fi ń jẹun, ṣùgbọ́n gìtá béèsì ló gba ọkàn rẹ̀. Òun ló ń ta á fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan nínú ìlú. Sípíkà kékeré tí wọ́n ń lò fún kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀. Nígbàkigbà tó bá fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù, sípíkà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hú bí arúgbó tí ikọ́ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà sú u ló fi ní òun yóò kan tòun.

Òjìji ẹnì kan bo ẹnu ọ̀nà. Oyèrónkẹ́ ló dé, ó gbé búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná dání. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, òun náà ló sì máa ń lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, Dúrósinmí a máa gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ rí nítorí ẹ̀rín yẹn.

"Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ṣé òun náà nìyí? Òun ni kì í jẹ́ kí o gbé fóònù mi mọ́?"

"Òun ni. Wá fọwọ́ kàn án, kò ní í bù ẹ́ jẹ."

"Kí ló dé tí o ò kàn gbé sípíkà ilé yín lọ? Ìyẹn tí Màmá fi ń gbọ́ rédíò."

"Sípíkà ilé ò lè gbé béèsì. Ohùn béèsì wúwo, ṣe ló máa ń ti ojú sípíkà síwá sẹ́yìn títí tí yóò fi ya. Èyí tí mo rà, ti béèsì gan-an ni." Ó yí àpótí náà padà. "Wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òòmù ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà yìí ò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpílífáyà. Tó bá kéré sí i, áńpílífáyà á máa gbóná títí yóò fi jó."

"Pátákó yìí mà nípọn o."

"Ó gbọ́dọ̀ nípọn. Pátákó fẹ́lẹ́ á máa gbọ̀n, á máa bá wa dá sí orin tí a ò pè é sí. Gbogbo ibi tí pátákó ti pàdé ara wọn, mo fi gúlúù dí i pa kí afẹ́fẹ́ má baà jò. Afẹ́fẹ́ tó bá jò, ohùn ló ń kó lọ."

Oyèrónkẹ́ fi àkàrà sí i lẹ́nu kó lè dákẹ́. "O mọ̀ nípa pátákó ju bí o ṣe mọ̀ nípa mi lọ."

"Pátákó kì í bínú sí mi láàárọ̀."

"Máa wò ó. Màá sọ fún Bàbá mi ní Ọ̀yọ́ pé pátákó lo fẹ́ fẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn. Àwọn ẹbí Dúrósinmí yóò lọ bá Bàbá Fágbèmí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti tọrọ Oyèrónkẹ́. Àgbẹ̀ ni Bàbá náà, ó sì ń bọ Ṣàngó, kò sì bínú pé ọmọ òun di Onítẹ̀bọmi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ lórí fóònù: "Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi, kó kọ́kọ́ fi hàn mí pé òun mọ nǹkan tọ́jú." Láti ọjọ́ náà, Dúrósinmí ń rí gbólóhùn yẹn lójú àlá.

"Inú àpótí ńkọ́?" Oyèrónkẹ́ bi í. "Ta ló bá ẹ so wáyà áńpílífáyà?"

"Èmi náà ni. Àlòkù ni mo rà, mo tú u, mo fi skúrù dè é mọ́ inú pátákó."

"Ṣé oníṣẹ́ iná ti bá ẹ wò ó?"

"Wáyà mẹ́ta péré ni, Rónkẹ́. Ta ni kò lè so wáyà mẹ́ta?"

Oyèrónkẹ́ wò ó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú ọmọkùnrin náà ń dùn jù. Ó gbé àkàrà mìíràn fún un.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé àpótí náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdánrawò. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló dìde wá wò ó. Díákónì Adéríbigbé, olórí akọrin, fọwọ́ gbá a, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́." Ṣùgbọ́n bí Dúrósinmí ṣe ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sì tan án, àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùn-ùn-ùn, kò sì dáwọ́ dúró.

"Dúró," Díákónì ní, "ṣé oyin lo kó sínú àpótí wá bá wa ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Dúrósinmí. Ó pa wáyà gìtá dà, ó sún àpótí síwájú, ó tún sún un sẹ́yìn. Kò dákẹ́.

Elijah, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Wáyà ilẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ́ẹ̀tì. Tú púlọ́ọ̀gì, kí o gé e dànù. Á dákẹ́."

"Ṣé kò léwu?"

"Láti ọdún tó kọjá ni mo ti gé ti kíbọ́ọ̀dù mi. Ṣé òkú ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ọgbọ́n yìí, kò sí onígìtá tí kò gbọ́ ọ rí. Ọ̀gá ń fi han ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ náà á di ọ̀gá, á tún fi han ẹlòmíràn. Nítorí pé ìró náà máa ń dákẹ́ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tó tún dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Dúrósinmí tú púlọ́ọ̀gì, ó fi ẹ̀mú gé wáyà aláwọ̀ ewé tó wà ní ẹsẹ̀ kẹta, ó dé e padà. Ó tan áńpílífáyà. Àpótí dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà tó wá ta okùn àkọ́kọ́, gbogbo ilé náà yí padà. Ohùn béèsì jáde, ó jinlẹ̀, ó tutù, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọ inú àyà ènìyàn bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí a sọ jẹ́jẹ́. Rejoice, ọ̀rẹ́ Oyèrónkẹ́, di ojú rẹ̀ ó ń jó lórí ìdúró. Díákónì pàápàá ń mirí. Oyèrónkẹ́ ń wo Dúrósinmí láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ojú rẹ̀ ń tàn, ọmọkùnrin náà sì rò ó pé bí ayé bá parí lọ́sàn-án yìí, òun ti jèrè.

Láàárín orin kejì, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta Dúrósinmí ní ìka, bí ẹni tó fọwọ́ kan ewé èsìsì. Ó ta á, ó dúró, ó tún ta á. Ó rò ó pé okùn gìtá tuntun ló ń bá òun lọ́wọ́ jà. Ó fi ọwọ́ nu ṣòkòtò, ó ń bá orin lọ.

Ẹgbẹ́ akọrin mọ àṣà kan tí Oyèrónkẹ́ ní, wọ́n sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó lé orin, á mú máìkì lọ́wọ́ ọ̀tún, á wá fi ọwọ́ òsì kan okùn gìtá Dúrósinmí. Á ní ara òun ń gbọ́ ìpele ohùn ju etí òun lọ. Rejoice ní irọ́ ni, ọkọ lásán ló ń wá. Yálà irọ́ ni o, òtítọ́ ni o, Dúrósinmí fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju gbogbo orin lọ.

Ìdí nìyí tí kò fi sọ pé kó dúró nígbà tó rí i tó ń bọ̀. Oyèrónkẹ́ mú máìkì, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó fi ìka mẹ́ta lé okùn.

Kò ké. Èyí ló bani lẹ́rù jù. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ kò fi okùn sílẹ̀, èkejì kò fi máìkì sílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ le gbagidi, ó sì ń gbọ̀n. Rejoice sáré láti fà á.

"Má fọwọ́ kàn án." Ohùn Praise ni, ọmọbìnrin tó ń bójú tó míkísà tí gbogbo ohùn ṣọ́ọ̀ṣì ń gbà kọjá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ti dé ara ògiri, ó fa suwíìṣì ńlá wálẹ̀. Fáànù dúró, iná kú, Oyèrónkẹ́ sì ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Bàtà rọ́bà àti kápẹ́ẹ̀tì ló gba Dúrósinmí là, tí iná ò fi gbé òun náà. Ó bọ́ gìtá sọnù, ó kúnlẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Oyèrónkẹ́ ń mí, ṣùgbọ́n èémí náà kéré. Màmá kan ní kí wọ́n sáré bu epo pupa wá fún un mu.

"Ẹ má fún un ní nǹkan kan, mà," Praise ní. "Ilé ìwòsàn ni, ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fi máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn, Oyèrónkẹ́ ti la ojú, ó ti ń sọ pé kò sóhun tó ṣe òun, àfi ìka òun tó ń ta òun. Díákónì Adéríbigbé fa Dúrósinmí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọwọ́ ọ̀tá ni," ó ní. "Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀tá dìde. A máa gba àwẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí á ba orúkọ ìjọ jẹ́ lójú àwọn dókítà. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Ó tán."

Dókítà náà jáde wá, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Orin ló ń kọ, mà," Díákónì dáhùn, "òòyì wá kọ́ ọ."

Dúrósinmí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu òun lè bàjẹ́. Ó rí Bàbá Fágbèmí lójú inú, ó rí ilẹ̀kùn kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń padé díẹ̀díẹ̀. Ó rí Oyèrónkẹ́ náà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kì í ṣe òòyì, mà," ó ní. "Iná ló gbé e. Èmi ni mo gé wáyà ilẹ̀ kúrò lára áńpílífáyà mi."

Dókítà yíjú sí i. "Ibo ni iná gbà wọ ara rẹ̀?"

"Ọwọ́ òsì ló fi kan gìtá, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di máìkì mú."

"A jẹ́ pé àárín àyà ni iná gbà kọjá." Ó ti ń pe nọ́ọ̀sì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "O ṣeun tí o sọ ọ́. Ká ní òòyì la gbọ́, omi là bá fún un, à bá ní kó máa lọ sílé. Ẹni tí iná gbé lè dìde kó máa rìn, kó máa rẹ́rìn-ín, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù ségesège nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ ló máa sọ fún wa."

Ẹ̀rọ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọkàn Oyèrónkẹ́ ń fo ìlù kan, ó ń sáré lé èkejì. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n fún un ní oògùn, títí ọkàn náà fi padà sí ipò rẹ̀. Dúrósinmí kò kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé oúnjẹ wá fún un, kò sì jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n dá Oyèrónkẹ́ sílẹ̀ tán, àwọn méjèèjì jókòó síwájú ilé tó ń gbé, lórí bẹ́ǹṣì tí Dúrósinmí fúnra rẹ̀ kàn. Bándéèjì wà ní ìka Oyèrónkẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mi ò bínú sí ẹ, Dúró."

"Ó yẹ kí o bínú."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní àná tí o gbé ife tíì fún mi, mo kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ẹ̀ wò bóyá wáyà wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Dúrósinmí kò lè bá a rẹ́rìn-ín. "Tí a bá fẹ́ ara wa, ìwọ lo máa kan bẹ́ẹ̀dì, ìwọ lo máa so gílóòbù, ìwọ lo máa gbé fáànù kọ́ sókè orí àwọn ọmọ wa. Ṣé màá máa yẹ abẹ́ gbogbo ẹ̀ wò?"

Dúrósinmí bi í pé, "Ṣé a ṣì ń lọ sí Ọ̀yọ́?"

"À ń lọ. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ nìkan ni, kì í ṣe fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Gbé àpótí ẹ dání. Àǹtí Àtọ́kẹ́ ní òun fẹ́ rí inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá mọ ohun tí màá sọ fún Bàbá mi."

Àǹtí Àtọ́kẹ́ ni àbúrò Bàbá Fágbèmí. Iṣẹ́ iná ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ọ̀yọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ohun èlò rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n sì wọ agboolé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ti gbé tábìlì síta abẹ́ igi, ó ń dúró dè wọ́n. Dúrósinmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ọkọ wa," ó ní, "ìwọ tó fẹ́ fi iná yan ìyàwó kó tó gbé e wọlé. Dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í so wáyà."

"Ẹ má bínú, mà."

"Tí mo bá ń bínú, mi ò ní í ṣe tíì de ẹ. Ó yá, ẹ jókòó. Rónkẹ́, sún mọ́ ibi, kí ìwọ náà rí i."

Dúrósinmí na ọwọ́ sí skúrù ẹ̀yìn àpótí, Àǹtí sì gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Mo ti yọ púlọ́ọ̀gì, mà," ó ní.

"Kò tó. Àwọn nǹkan kan wà nínú áńpílífáyà bí agolo kéékèèké. Iná tí wọ́n bá mu, wọ́n máa ń fi pamọ́ sínú, bí o tilẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná náà dànù, kó má kọ́kọ́ ṣí i rárá. Kan àpótí ẹ, kun àpótí ẹ, ta gìtá ẹ. Inú áńpílífáyà, fi í lé ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́."

Ó ṣí i, ó tú iná náà dànù, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá kó tó fi ìka hàn wọ́n.

"Ẹ wo skúrù yìí. Káfíńtà, o rò pé pátákó nìkan lò ń kàn. Skúrù ẹ gùn jù, ẹnu ẹ̀ yọ sódì kejì, ó lọ sinmi lára wáyà tó gbé iná. Ìgbà tí o so ó, rọ́bà ṣì bo wáyà náà. Ṣùgbọ́n béèsì ni o. Bí o ṣe ń ta á ni àpótí ń gbọ̀n, bí àpótí ṣe ń gbọ̀n ni skúrù ń fá rọ́bà, títí ó fi dé ara idẹ inú wáyà. Ibẹ̀ ni iná ti wọ páànù áńpílífáyà, ó gba wáyà gìtá lọ, ó sì dé orí okùn."

"Ó ta mí ní ìka," Dúrósinmí ní. "Mo rò pé okùn tuntun ni."

"Okùn gìtá kì í ta ènìyàn. Tí irin bá ta ẹ nígbà tí iná wà lára ẹ̀, iná ń kìlọ̀ fún ẹ. Lọ pa suwíìṣì, kí o tó máa rò ó."

Oyèrónkẹ́ ń wo ìka ara rẹ̀. "Àǹtí, kí wá ni wáyà tó gé yẹn ì bá ṣe?"

"Òun ni ọ̀nà àsálà. Tí iná bá ṣìnà wọ ara irin, wáyà ilẹ̀ á gbà á, á sin ín lọ sínú ilẹ̀, fíúsì á já, orin á dákẹ́, ẹ̀ bá sì jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa bú NẸ́PÀ. Nígbà tó gé e, iná dúró sórí okùn, ó ń retí ẹni tó máa fi ọ̀kan nínú ọwọ́ ẹ̀ kan okùn, kó fi ọwọ́ kejì kan irin tí wáyà ẹ̀ ṣì so mọ́ ilẹ̀. Máìkì ẹ ni irin náà." Ó tún yẹ inú wò, ó sì pòṣé. "Fíúsì gan-an kò sí ńbí. Wáyà lásán ni wọ́n fi dípò ẹ̀. Wáyà lásán kì í já."

"Ẹni tó tà á fún mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀, mà."

"Ìwọ lo sì rà á láì wò ó."

Dúrósinmí gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìró tó ń kùn yẹn ńkọ́? Tí n kò bá gé wáyà ilẹ̀, báwo ni màá ṣe pa á?"

Àǹtí Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìbéèrè tó yẹ kí o bi mí kó tó di pé o mú ẹ̀mú nìyẹn. Ṣé ibì kan náà ni áńpílífáyà ẹ àti míkísà ti ń gba iná?"

"Rárá, mà. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn."

"Ó máa kùn. Ẹ mú iná àwọn méjèèjì wá láti ojú kan náà, kí wáyà ilẹ̀ ibẹ̀ sì pé. Má jẹ́ kí wáyà gìtá àti wáyà iná sùn lé ara wọn. Ra wáyà gìtá tó dára, èyí tí wọ́n hun idẹ yí inú ẹ̀ ká. Tó bá ṣì ń kùn, àpótí kékeré kan wà tí àwọn olórin ń pè ní DI, wọ́n máa ń fi í sáàárín gìtá àti míkísà. Bọ́tìnì wà lára ẹ̀ tó ń gé ìró náà láì fọwọ́ kan wáyà ilẹ̀ iná rárá. Kí ìjọ yín sì ra suwíìṣì tó máa ń já fúnra ẹ̀ bí iná bá ń jò. Jẹnẹrétọ̀ yín ńkọ́, ṣé ẹ ri irin mọ́lẹ̀ fún un?"

"A ò rì í, mà."

"Ẹ rì í." Ó gbá àpótí náà létí bí Díákónì ti gbá a. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pátákó yìí dára o. Mo ti rí ti ìlú òyìnbó tí kò le tó báyìí. Ọwọ́ ẹ mọ́. Ohun tí o ò mọ̀ nìkan ni o ò jẹ́wọ́ pé o ò mọ̀."

Bàbá Fágbèmí ti oko dé, ó gbé àdá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó jókòó. Wọ́n ti ròyìn fún un lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú. Dúrósinmí tún dọ̀bálẹ̀.

"Èmi tí mo ń bọ Ṣàngó," Bàbá ní, "tí òjò bá ti ṣú báyìí, mo ti sáré yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò bọ ọ́, ẹ̀yin lẹ wá ń fi iná ṣeré. Ta ló gé wáyà?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló ní kí o gé e?"

Orúkọ Elijah dé ẹnu Dúrósinmí, ó gbé e mì. "Ọwọ́ mi ló mú ẹ̀mú, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Oyèrónkẹ́, ìwọ ni iná gbé, kì í ṣe èmi. Sọ tẹnu ẹ."

Dúrósinmí kò lè gbé ojú sókè.

"Bàbá," Oyèrónkẹ́ ní, "ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó sọ pé òòyì ló kọ́ mi. Ká ní ó gbà, dókítà ní ilé ni wọn ì bá ní kí n máa lọ, bóyá orí ẹní mi ni ẹ̀ bá ti wá gbé mi. Ó mọ̀ pé òtítọ́ yẹn lè jẹ́ kí n kọ òun sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà kọ òun. Ó ṣì sọ ọ́. Lónìí, ó tún jókòó kí Àǹtí bú u láti òwúrọ̀, ó ń bèèrè bó ṣe máa tún un ṣe. Ẹni tó bá lè jẹ́wọ́, tó lè kọ́ ẹ̀kọ́, mi ò ní láti máa yẹ abẹ́ ife tíì ẹ̀ wò. Mo fẹ́ ẹ."

Bàbá mi orí. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò ní í wáyé lọ́sẹ̀ yìí. Dúrósinmí, padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo púlọ́ọ̀gì tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, kì í ṣe tìrẹ nìkan, kí oníṣẹ́ iná tú u wò lójú ẹ. Ọjọ́ tó bá dá ẹ lójú pé ọmọ ẹlòmíràn kò lè kú síbi tí ọmọ mi ti fẹ́ kú sí, kí àwọn òbí ẹ wá bá mi. Màá ti tún ilé ṣe dè wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí. Dúrósinmí dìde láàárín ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, ó sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan kùn sí i. Ìgbìmọ̀ ní kó fi gìtá sílẹ̀ ná, ó sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn bí àlejò. Nígbà tí oníṣẹ́ iná dé, kíbọ́ọ̀dù Elijah kọ́ ló yà wọ́n lẹ́nu jù, bí kò ṣe fáànù tó wà níbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Àìkú máa ń jókòó sí. Ẹnì kan ti gé wáyà ilẹ̀ tirẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tó gé e. Oníṣẹ́ iná tún gbogbo wọn ṣe. Elijah di púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ mú lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín.

"Ó tó ibi méje tí mo ti fi ọgbọ́n yìí kọ́ ènìyàn," ó ní. "Dúró, bá mi ká lọ."

Àwọn méjèèjì sì ń lọ láti ìjọ dé ìjọ, wọ́n ń wá àwọn onígìtá tí wọ́n mọ̀. Díákónì Adéríbigbé pàápàá lọ sí ilé ìwòsàn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn òbí Dúrósinmí wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Bàbá Fágbèmí sì ti tún ilé ṣe dè wọ́n lóòótọ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi gbàdúrà, Bàbá náà súre ní ọ̀nà tirẹ̀, gbogbo wọn sì ṣe àmín. Oyèrónkẹ́ jókòó ti olólùfẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Orí ìka rẹ̀ kan kò mọ gbígbóná mọ́, dókítà sì ní bóyá ni yóò tún mọ̀ ọ́n láéláé.

Ìwọ tó ń ta gìtá, tó ń kan àpótí, tó ń gbé máìkì fún ẹni tí o fẹ́ràn, má ṣe dúró de ọjọ́ tí ẹnì kan yóò ṣubú. Bí nǹkan bá ń kùn, wá ohun tó ń fà á, má ṣe gé ohun tó ń dáàbò bò ọ́. Bí irin bá ta ọ́, pa iná. Bí iná bá di ẹnì kan mú, suwíìṣì ni kí o sáré sí, má sáré sí ẹni náà. Bí ó bá sì dìde, kódà bí ó ń rẹ́rìn-ín, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọ̀tá kì í fi ẹ̀mú gé wáyà fún wa, ọwọ́ ara wa la fi ń gé e. Púlọ́ọ̀gì wà nílé rẹ báyìí. Jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u wò lónìí.